Ojú Ẹ̀rọ ni Kí Ẹ Wò, Ẹ Má Wo Aṣọ Rẹ̀

ÌBÉÈRÈ YÍN, ÌDÁHÙN MI

Lẹ́tà márùn-ún ló dé lóṣù yìí lórí síídì nìkan. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń sọ fún mi pé síídì ti kú. Ó jọ pé oorun ló ń sùn. Fún ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ka abala yìí, rédíò, kásẹ́ẹ̀tì àti síídì ni mo fi ọgbọ̀n ọdún tún ṣe jẹun ní Ìbàdàn, nínú ìsọ̀ kan tí kò fẹ̀ ju ilé ìdáná lọ, lápá Ògùnpa. Ìdáhùn ẹni tó ń tú ẹ̀rọ palẹ̀ lẹ óò bá níbí. Ti òǹtajà, ẹ lọ gbọ́ ọ lẹ́nu òǹtajà.

Láti Òṣogbo

*Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni mí. Síídì mi tó ọ̀ọ́dúnrún: jùjú, àpàlà, orin ìsìn àti orin àwọn ẹgbẹ́ akọrin Òyìnbó. Ẹ̀rọ tí mo fi ń gbọ́ wọn kò kà mọ́. Ọmọ mi obìnrin ní Kánádà ti ra anpilifáyà tuntun ránṣẹ́ sí mi, ihò fún wáyà digital sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó ń ta ẹ̀rọ fún mi ní Èkó ní kí n má ra CD player mọ́, pé transport ni kí n rà. Ó ní ọ̀kan wà lọ́wọ́ òun tó wúwo bí àpò sìmẹ́ǹtì, owó rẹ̀ sì tó ra ọkọ̀ àlòkù. Ó ní ọjọ́ tí mo bá gbọ́ ọ, omijé á bọ́ lójú mi. Ṣé òótọ́ ni? Kí ló yẹ kí n wò kí n tó náwó?*

Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì sunkún.

CD player tí gbogbo wa mọ̀, iṣẹ́ méjì ló ń ṣe nínú àpótí kan ṣoṣo. Ó ń ka nọ́ńbà tó wà lára síídì, ó sì ń sọ nọ́ńbà náà di ohùn. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ nìkan ni transport ń ṣe. Bó bá ti kà á, á ti nọ́ńbà náà gba inú wáyà lọ bá DAC, DAC ló ń sọ ọ́ di ohùn. Ihò digital tí ẹ rí lẹ́yìn anpilifáyà yín, ẹnu ọ̀nà DAC ni. Nítorí náà, ọ̀rẹ́ yín ará Èkó kò purọ́ níbi tó ti ní transport ni kí ẹ rà. Ọ̀rọ̀ omijé yẹn ni mo fẹ́ bá a fà.

Láti 1980 tí Philips àti Sony ti jọ fi òfin síídì lélẹ̀ ni òfin náà ti wà bó ṣe wà. Ìgbà 44,100 ni wọ́n ń wọn ohùn láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, bíìtì 16 ni ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan, lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Ẹ̀yin tí ẹ kọ́ ọmọ níṣirò, ẹ bá mi sọ ọ́ di púpọ̀: 1,411,200 bíìtì ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀rọ owó pọ́ọ́kú àti ẹ̀rọ olówó ọkọ̀, iye yẹn náà ni wọn óò kà. Èyí tó bá kà á pé, òmíràn kò lè kà á pé jù ú lọ.

Àmọ́ kíkà yẹn gan-an kì í ṣe iṣẹ́ kékeré, ibẹ̀ sì ni owó yín yẹ kó lọ. Ìlà tí wọ́n fín sára síídì, àárín ló ti bẹ̀rẹ̀, ó ń yí bọ̀ wá sí etí, kò dà bí àwo rẹ́kọ́ọ̀dù tó ń ti etí wọ inú. Ìlà náà há débi pé fọ́nrán irun orí kan ṣoṣo á bo bí ogójì rẹ̀. Síídì á máa yí bí ìgbà 500 ní ìṣẹ́jú kan nígbà tó bá ń ka àárín, á sì rọra wálẹ̀ sí bí 200 bó bá fi dé etí. Àwo náà kì í tẹ́ délẹ̀délẹ̀, ó ń jó sókè sódò, lẹ́ńsì tí kò tó ẹ̀wà kan sì gbọ́dọ̀ máa bá a jó láìfara kàn án. Bí ibì kan bá ti họ, ẹ̀rọ ní ọgbọ́n kan: wọ́n ti tú nọ́ńbà orin ká lára àwo, wọ́n sì fi nọ́ńbà àfikún ṣe ẹlẹ́rìí fún wọn, débi pé ẹ̀rọ lè ṣírò èyí tó sọnù kó sì bá a gẹ́lẹ́ bó ṣe wà. Ojú ibi tó họ lè gùn tó mìlímítà méjì àti díẹ̀ kí ọgbọ́n yìí tó já. Bó bá já, ẹ̀rọ á bẹ̀rẹ̀ sí í méfò. Bí àméfò náà bá tún já, orin á fò.

Òǹtajà á ní ọ̀rọ̀ ti àkókò ńkọ́? Á ní nọ́ńbà lè pé kó má bọ́ sásìkò. Òótọ́ ló sọ níbẹ̀. Ẹ wo ẹgbẹ́ onídùndún: ìyáàlù lè sọ ohun tó wù ú, gúdúgúdú ni gbogbo wọn ń gbọ́ tí ẹsẹ̀ fi ń dúró. Bí gúdúgúdú bá ń sáré díẹ̀, tó tún ń falẹ̀ díẹ̀, ọ̀rọ̀ ìyáàlù lè pé, ijó á dàrú. Aago kékeré inú transport ni gúdúgúdú yìí. Ṣùgbọ́n ohun tí òǹtajà kì í fi kún un ni pé DAC òde òní ń gbé gúdúgúdú tirẹ̀ wá sóde. Ó ń kó nọ́ńbà tó ń bọ̀ jọ díẹ̀, á wá fi aago tirẹ̀ tú wọn jáde. DAC ayé 1990 ni ó máa ń jó bí transport bá ṣe lù ú. Ti anpilifáyà tuntun tí ọmọ yín rà, mi ò rò pé ó níṣòro yẹn.

Mo ti dán an wò, n kò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Oníbàárà kan gbé transport kan fún mi kí n bá a tún bọ́tìnnì rẹ̀ ṣe, ẹ̀rọ tó jẹ́ èmi àti ọmọ iṣẹ́ mi la jọ gbé e wọlé. Nígbà tí mo ṣe é tán, mo bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kó sùn lọ́dọ̀ mi ní òru ọjọ́ kan. Mo so ó mọ́ ihò kan lára DAC mi, mo so DVD àlòkù kan mọ́ ihò kejì, mo ra síídì kan náà méjì, mo sì ní kí ìyàwó mi bọ́ sẹ́yìn aṣọ ìkélé kó máa yí i padà, kí n máa dárúkọ èyí tó ń dún. Nínú ìgbà mẹ́wàá, mo gbà á lẹ́ẹ̀mẹfà. Ìyàwó mi ní bí òun bá da kọ́bọ̀ sílẹ̀, kọ́bọ̀ á gbà á tó bẹ́ẹ̀.

Mo wá mú síídì àpàlà kan tí àwọn ọmọ ti fi dérí ife rí. Nínú DVD, orin kẹrin ń fò bí ọ̀pọ̀lọ́. Nínú ẹ̀rọ ńlá yẹn, ó dún láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kò tilẹ̀ kọsẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo rí ohun tí wọ́n san owó lé lórí.

Ó kan ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn jù. Irin tó wúwo kì í kú, ojú rẹ̀ ló ń kú. Ojú ni àwa tí à ń tún un ṣe ń pe lẹ́ńsì àti iná lésà tó wà lábẹ́ rẹ̀. Iná yẹn ń rẹ̀ lọ́dọọdún, bó ti wù kí ẹ sanwó tó, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ẹ óò pààrọ̀ rẹ̀. Transport kan wà ní ìsọ̀ mi fún ọdún méjì gbáko. Àpótí rẹ̀ dà bí ohun ọ̀ṣọ́ inú báńkì. Ojú kan báyìí tí Philips ṣe, CD-Pro2, ló wà nínú rẹ̀, ojú tí àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ olówó ńlá ní Yúróòpù ń dù mọ́ra wọn lọ́wọ́ nígbà kan. Philips kò ṣe é mọ́. Èyí tí mo rí rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àlòkù tó ti ń ṣẹ́jú ni wọ́n fi ránṣẹ́. Nígbà tó sú wa, oníbàárà mi gbé ẹ̀rọ rẹ̀ lọ sílé, fọ́tò ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ ló wà lórí rẹ̀ báyìí.

Nítorí náà, ìbéèrè tí ẹ óò bi ará Èkó nìyí: "Kí lorúkọ ojú tó wà nínú rẹ̀, ṣé wọ́n sì ń tà á lọ́tọ̀?" Bó bá ní "ojú tó dáa ni, ẹ fọkàn balẹ̀", ẹ dìde kí ẹ máa lọ.

Kí ẹ tó náwó rárá, ṣé kò sí DVD àtijọ́ nílé? Ẹ yí i sẹ́yìn. Bí ihò aláwọ̀ ọsàn kan bá wà tí wọ́n kọ COAXIAL sí, transport ti wà lọ́wọ́ yín. Ẹ so ó mọ́ anpilifáyà, ẹ wọ inú ètò rẹ̀ kí ẹ yan PCM (nọ́ńbà ohùn bó ṣe wà lára síídì) fún ohùn digital, kí ẹ gbọ́ ọ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ohun tí ẹ kò bá fẹ́ràn lára rẹ̀, bóyá ó ń pariwo bó ṣe ń yí, tàbí ó ń pẹ́ kó tó ka síídì, tàbí àfi kí ẹ tan tẹlifísọ̀n kí ẹ tó mọ orin tó ń kọ, ohun tí ẹ ń wá owó rẹ̀ lọ nìyẹn.

Bó bá wá jẹ́ pé ẹ óò rà, ibi tí mo máa ń ní kí èèyàn ti bẹ̀rẹ̀ ni Cambridge Audio CXC, ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Dúrọ́ọ̀ ló fi ń gba síídì, síídì nìkan ló mọ̀ ọ́n kà, ihò méjì péré ló wà lẹ́yìn rẹ̀ fún digital, ọ̀kan coaxial tó ń gba wáyà onírin, ọ̀kan optical tó ń gba ìmọ́lẹ̀. Audiolab 6000CDT náà dára, ó tilẹ̀ máa ń ka síwájú kó tó máa tú orin jáde, ìyẹn ni pé bí ojú rẹ̀ bá kọsẹ̀ díẹ̀, ẹ̀yin kò ní mọ̀. Ẹnu tóóró ló fi ń gbé síídì mì o. Ẹ ka ìdáhùn tí mo fún ọmọ Peckham nísàlẹ̀ kí ẹ tó yan èyí. Pro-Ject ti Austria ní ọ̀kan tó kéré bí ìwé Bíbélì ńlá, CD Box RS2 T, tí wọ́n ń ṣí láti òkè, tí ẹ óò fi ìtẹ̀ olóòfà tẹ síídì mọ́lẹ̀. Ojú tí ilé iṣẹ́ kan ní Vienna dìídì ṣe fún síídì ló wà nínú ìyẹn, kì í ṣe ojú tí wọ́n yá lò lára ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà. Ó wù mí. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ń ṣí láti òkè, ní Òṣogbo, nígbà ọ̀yẹ́? Gbogbo ìgbà tí ẹ bá ṣí i ni eruku óò máa kí lẹ́ńsì. Àǹfààní tó wà níbẹ̀ ni pé lẹ́ńsì wà lójú táyé, ẹ lè fẹ́ ẹ nù fúnra yín láìwá ẹni bíi tèmi.

Lókè pátápátá ni àwọn bíi Esoteric ti Japan wà, tí wọ́n ní irin róbótó kan tó fẹ̀ tó síídì fúnra rẹ̀, tó ń tẹ síídì mọ́ra títí tí kò fi lè gbọ̀n. CEC, ti Japan náà, bẹ́líìtì ló fi ń yí síídì bí àwo rẹ́kọ́ọ̀dù. Iṣẹ́ ọnà ni wọ́n. Ẹni tó bá lówó tó fẹ́ ẹ nítorí ẹwà, èmi kọ́ ni n óò dí i lọ́wọ́. Fún ọ̀ọ́dúnrún síídì àti anpilifáyà yẹn, Tíṣà, àwọn ti ìsàlẹ̀ tó yín. Ẹ fi owó tó kù wo sípíkà yín. Ẹ kò sọ ohunkóhun nípa sípíkà, ìyẹn sì ń kọ mí lóminú.

Ọjọ́ tí ẹ bá lọ rà á, ẹ má lo síídì òǹtajà, kì í ní àpá lára. Ẹ mú èyí tó burú jù nílé dání. Ẹ ní kó fi orin tó kẹ́yìn sí i, torí etí síídì ni mímì rẹ̀ pọ̀ jù. Ẹ fetí sún mọ́ ẹ̀rọ náà nígbà tí orin bá dákẹ́ díẹ̀: bí ẹ bá ń gbọ́ tí-tí-tí bí aláǹgbá nínú pákó, ojú náà ń wá ìlà kiri nìyẹn, ó ti ń rẹ̀ ẹ́.

Ti iná: ẹ jẹ́ kí sitebiláísà wà láàárín òun àti iná NẸ́PÀ, kí ẹ sì yọ ọ́ nídìí bí iná bá ti lọ, torí ìgbà tí iná bá ń padà bọ̀ ló ń pa ẹ̀rọ. Bó bá jẹ́ ínfátà lẹ ń lò, ẹ béèrè bóyá èyí tí iná rẹ̀ ń lọ ní pẹ̀lẹ́tù bíi ti NẸ́PÀ ni. Èyí tí iná rẹ̀ ń lọ ní ìgun-ìgun máa ń mú kí transfọ́mà kùn bí oyin. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi tíńà nu lẹ́ńsì. Ọmọ iṣẹ́ mi kan ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tí n kò sí ní ìsọ̀. Ike ni lẹ́ńsì yẹn. Nígbà tí mo fi máa dé, ó ti funfun bí ojú ẹja tó ti jinná nínú ọbẹ̀.

Láti Peckham, London

*Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mí. Bàbá mi kú lọ́dún tó kọjá, wọ́n fi nǹkan bí àádọ́jọ síídì sílẹ̀, fújì àti wàásù ló pọ̀ jù, ilé ni wọ́n ti ń rà wọ́n bọ̀. Mo ra transport àlòkù, èyí tó ní ẹnu tóóró. Ó ń ka àwọn kan, ó kọ àwọn kan. Àná ni mo fi ọ̀kan tí wọ́n lẹ bébà mọ́ lójú sí i, kò jáde mọ́! Ṣé ẹ̀rọ náà ti bàjẹ́ ni?*

Ọmọ mi, Ọlọ́run á dẹ ilẹ̀ fún bàbá. Ó ṣeé ṣe kó má bàjẹ́. Pa á, yọ wáyà iná rẹ̀, fi sílẹ̀ kó tutù, kó o tún tàn án pẹ̀lú ọwọ́ lórí bọ́tìnnì tí ń mú síídì jáde. Bó bá kọ̀, gbé e fún ẹni tó mọ̀ ọ́n tú. Má fi ọ̀bẹ wá a lẹ́nu. Bébà tí wọ́n lẹ mọ́ síídì, ooru inú ẹ̀rọ ń tú gọ́ọ̀mù rẹ̀, etí bébà á ká sókè, á lẹ̀ mọ́ rọ́bà tó ń fa síídì wọlé. Ẹ̀rọ ẹlẹ́nu tóóró kò fara da bébà, kò sì yẹ kí síídì kékeré tó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 8 wọ inú rẹ̀ láé. Bí ọ̀pọ̀ síídì bàbá rẹ bá ní bébà lójú, ta ẹ̀rọ yẹn kó o ra oní-dúrọ́ọ̀.

Ti àwọn tó kọ̀, yí wọn padà sábẹ́ iná. Èyí tó funfun bí díńgí, ilé iṣẹ́ ló tẹ̀ ẹ́. Èyí tí abẹ́ rẹ̀ bá ní àwọ̀ ewé, tàbí tó dà bí aró, kọ̀ǹpútà ẹnì kan ni wọ́n ti jó o, irú èyí tí wọ́n ń tò sínú páálí ní Àlàbá àti ní gbogbo gáréèjì ilẹ̀ wa. Kò sí ihò wẹ́wẹ́ tí ilé iṣẹ́ fi ń tẹ orin lára ìyẹn, àwọ̀ kan ni iná lésà ti sun. Àwọ̀ náà ń ṣá, pàápàá bí oòrùn bá ń bà á nínú ọkọ̀, nígbà tó bá sì yá, ojú ẹ̀rọ kò ní rí ìyàtọ̀ mọ́. Irú kan tún wà tí wọ́n kọ RW sí lára: iná tó ń dá padà fún ojú ẹ̀rọ kò ju bí ìdá kan nínú márùn-ún. Ọ̀pọ̀ transport, àti olówó ńlá pàápàá, kò lè rí i rárá. Kì í ṣe ẹ̀bi ẹ̀rọ rẹ.

Fọ àwọn tó dọ̀tí. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ẹ̀kán ọṣẹ olómi kan, aṣọ rírọ̀. Láti ihò àárín lọ sí etí ni kó o máa nù ún, tààrà, bí ẹni ń ya ìtànṣán oòrùn. Má nù ún yípo. Bí aṣọ bá họ ọ́ lọ́nà tó dábùú ìlà orin, díẹ̀díẹ̀ ló bà jẹ́ nínú ìlà kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rọ á ṣírò rẹ̀. Bó bá họ ọ́ tẹ̀lé ìlà, odindi gbólóhùn ló gé lọ yẹn. Ojú òkè, ibi tí wọ́n kọ orúkọ sí, ni kó o sì ṣọ́ jù. Àwọn èèyàn rò pé abẹ́ tó ń dán ló jẹ́ ẹlẹgẹ́. Ike tó nípọn tó mìlímítà kan àti díẹ̀ ló bo orin lábẹ́, ṣùgbọ́n lókè, ọ̀dà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló dáàbò bò ó. Gbé síídì sókè sí gílóòbù: bí o bá rí iná tó yọ bí ojú abẹ́rẹ́, orin ibẹ̀ ti lọ, kò sí transport tó lè bá ọ wá a.

Kó o tó ṣe ohunkóhun mìíràn, da àwọn tí wọ́n jó sórí kọ̀ǹpútà, pàápàá àwọn wàásù tí kò sí ẹlòmíràn tó ní i. Exact Audio Copy wà fún Windows lọ́fẹ̀ẹ́, ó máa ń padà lọ ka ibi tó bá rú u lójú léraléra. Transport kì í ní sùúrù yẹn, orin gbọ́dọ̀ máa lọ. Bí wọ́n bá wà níbẹ̀ tán, kó o wá fọkàn balẹ̀ gbọ́ síídì.

Láti Houston, Texas

*Ẹ̀gbọ́n, mo fẹ́ ra transport àlòkù kan láti Japan fún ọjọ́ ìbí bàbá mi ní Abẹ́òkúta. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń ṣí láti òkè ni. Ẹni tó ń tà á ní "100V" ló wà lára rẹ̀. Ṣé ó lè ṣiṣẹ́ nílé?*

Àbúrò mi, jẹ́ kí n sọ ti ara mi fún ọ. Mo ra ọ̀kan bẹ́ẹ̀ rí láàárín ẹrù tí wọ́n kó ti Japan dé. Inú mi dùn débi pé n kò wo ẹ̀yìn rẹ̀. Mo kì í bọ iná 230 wa. Kò bú, kò ké, èéfín kékeré kan ló yọ láti ojú ihò òkè rẹ̀, òórùn bí iṣu tó jóná. Transfọ́mà rẹ̀ ti lọ. Oṣù mẹ́ta ni mo fi wá ẹni tó bá mi wé òmíràn.

Fóltì 100 ni ti Japan, 120 ni ti ọ̀dọ̀ rẹ, 230 ni tiwa. Béèrè fún fọ́tò irin pẹlẹbẹ tó wà lẹ́yìn ẹ̀rọ náà. Bí 100V nìkan bá wà níbẹ̀, ra transfọ́mà tó ń sọ 230 di 100 mọ́ ọn, kó o fi okùn so wọ́n pọ̀ bí ìbejì, kó o sì fi lẹ́ẹ̀dì kọ ọ́ sára ẹ̀rọ kí ẹni tó bá ń gbálẹ̀ má baà kì í bọ iná lọ́jọ́ kan. Bó bá wá jẹ́ pé ara iná ilẹ̀ wa tó ń lọ tó ń bọ̀ nígbà 50 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan dípò 60 ló ń bà ọ́ lẹ́rù, ìyẹn kò kan síídì. Aago inú rẹ̀ ló ń darí mọ́tò rẹ̀, kì í ṣe iná ògiri.

Ohun méjì péré ló kù. Béèrè bóyá ìtẹ̀ rẹ̀ wà níbẹ̀, irin róbótó tí ń tẹ síídì mọ́lẹ̀. Ó máa ń sọnù, bí kò bá sì sí, síídì kò ní yí. Kó o sì béèrè bóyá ó ní ìdè ìrìn-àjò lábẹ́: àwọn kan ní ìdè tí wọ́n ń fi de ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó tó wọ ọkọ̀. Kí bàbá tú u kó tó tàn án.

Láti Ìkẹjà

*Ṣé transport lè ka SACD mi?*

SACD jẹ́ àwo tó jọ síídì, ṣùgbọ́n nọ́ńbà tí wọ́n fi kọ orin sí i pọ̀ ju ti síídì lọ. Bó bá jẹ́ oríṣi tó ní ìpele méjì, á ka ìpele síídì tó wà nínú rẹ̀. Ìpele SACD gan-an, rárá, àfi ẹ̀rọ tí wọ́n dìídì ṣe fún un. SACD tí kò ní ìpele síídì kò ní dún rárá.

Láti Ọ̀yọ́

*Ọ̀gá, wáyà wo ni kí n fi so transport mọ́ DAC? Wọ́n ní kí n ra èyí tí wọ́n fi fàdákà ṣe.*

Bí o bá ń gbọ́ kíkùn nínú sípíkà nígbà tí o bá so coaxial, lo optical, torí iná kì í gba inú rẹ̀ kọjá, ìmọ́lẹ̀ ló ń gbà á. Ní ilé tí kò ní wáyà áàtì tó dára, òun ni mo máa ń kọ́kọ́ gbìyànjú. Bí kò bá sí kíkùn, coaxial tó jẹ́ ohm 75 ti tó. Wáyà eriali tẹlifísọ̀n náà, ohm 75 ni. Òun ni mo gé sí mítà kan, tí mo jó ẹnu RCA, irú èyí tó ń wọ ihò coaxial, mọ́ létí méjèèjì, òun náà ló sì wà nídìí transport mi láti ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn. Ẹnì kan ṣoṣo ló ti fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn mí. Ìyàwó mi ni, ó ní dúdú rẹ̀ kò bá aṣọ ìkélé mu.